Àkọlé aṣọ ẹbí ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi

Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa retí kí n dá sí ọ̀rọ̀ àwọn olóṣèlú lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ jẹ́ ká fi tiwọn sílẹ̀ ná, wọn ò ní í sá lọ, àwa náà ò sì ní í sá fún wọn. Ọ̀rọ̀ kan ló ń jẹ mí lọ́kàn, inú mọ̀lẹ́bí tèmi gan-an ló sì ti ṣẹlẹ̀. Bí mo bá sọ ọ́ tán, kí kálukú mú fóònù ẹ̀, kó wo lẹ́tà íméèlì tó fi ránṣẹ́ kẹ́yìn, kó wo orúkọ tó sọ ọ́.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kan wà n'Ìbàdàn, ọkùnrin ni. Ó kàwé ìṣirò owó, ó gba HND, ó sin ìjọba tán, ó wá jókòó sílé fún ọdún méjì gbáko. Elùbọ́ ni ẹ̀gbọ́n mi ń tà ní Bódìjà, owó elùbọ́ yẹn náà ló sì fi rán ọmọ níwèé. Gbogbo ìgbà tí mo bá pè é lórí fóònù, kó tó béèrè bóyá mo sùn tàbí mi ò sùn ló ti máa ní, "Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ọmọ yìí ńkọ́?" Ó wá di pé bí mo bá fẹ́ẹ́ pè é, mo máa ń kọ́kọ́ mí kanlẹ̀.

Àfi bí Ọlọ́run ṣe ṣe é tí ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ṣiṣẹ́ nílé iṣẹ́ kan n'Ìkẹjà sọ fún mi pé àwọn ń wá akáúńtàǹtì. Ó ní kí ọmọ náà fi CV ẹ̀ ránṣẹ́ sí òun lórí íméèlì lálẹ́ ọjọ́ náà, pé lọ́jọ́ Jímọ̀ ni ọ̀gá àwọn máa yan àwọn tó fẹ́ẹ́ pè wá fi ọ̀rọ̀ wá lẹ́nu wò. Mo pe ọmọ, mo sọ fún un, inú ẹ̀ dùn dé ìdí. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣé gan-an sà, kílẹ̀ tó mọ́, ó ti dọ́wọ́ wọn."

Ẹ wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́. Ọmọ ò ní àdírẹ́sì íméèlì ọ̀rẹ́ mi lọ́wọ́, ojú sì ń tì í láti tún pè mí lóru. Ló bá rántí pé nígbà tá a fẹ́ẹ́ sìnkú màmá wa, mo kọ lẹ́tà kan ránṣẹ́ sí mọ̀lẹ́bí àti ọ̀rẹ́, mo kọ iye tí aṣọ ẹbí jẹ́ sí i, mo kọ nọ́ńbà báǹkì sí i, àdírẹ́sì ọ̀rẹ́ mi yìí sì wà níbẹ̀. Ọmọ ṣí lẹ́tà aṣọ ẹbí, ó tẹ ibi tí wọ́n ti ń fèsì sí gbogbo èèyàn, ó yọ orúkọ àwọn tó kù kúrò, ó pa ohun tó wà nínú ẹ̀ rẹ́, ó wá kọ lẹ́tà tiẹ̀ tó mọ́ tónítóní, ó so CV mọ́ ọn. Gbogbo ẹ̀ ló tún ṣe. Orí lẹ́tà nìkan ni kò fọwọ́ kàn. Bẹ́ẹ̀ èmi tí mò ń ròyìn yìí ni mo fọwọ́ ara mi kọ orí lẹ́tà ọ̀hún nígbà yẹn: "Aso ebi for Mama".

Inú sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọkọ̀ lójú títì Ìkòròdú ni lẹ́tà yẹn ti bá ọ̀rẹ́ mi láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ó wò ó lórí fóònù, ó rí CV, ó ní ọmọ dáadáa nìyí. Ló bá tẹ ibi tí wọ́n ti ń tàtaré lẹ́tà, ó mú orúkọ ọ̀gá ẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ọmọ tí mo sọ fún yín nìyí, ẹ jọ̀ọ́ sà," ó sì fi ṣọwọ́. Òun náà ò wo orí lẹ́tà. Fóònù wá ṣe tiẹ̀, ó fi "Fwd:" ṣáájú. Bí ìwé ìwáṣẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe wọnú àpótí ọ̀gá nìyẹn, orúkọ tó sì gbé wọ ibẹ̀ ni "Fwd: Re: Aso ebi for Mama".

Jímọ̀ lọ, a ò gbọ́ nǹkan kan. Ọ̀sẹ̀ méjì kọjá, wọ́n ti mú àwọn tí wọ́n fẹ́ẹ́ mú, wọ́n tiẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá yìí pàdé ọ̀rẹ́ mi lẹ́nu géètì, ó ní, "Ọmọ tó o sọ fún mi nípa ẹ̀ yẹn, kí ló dé tí kò fi CV ẹ̀ ránṣẹ́ mọ́?" Ọ̀rẹ́ mi ní, "Háà, ọ̀gá, mo ti fi ránṣẹ́ sí yín o. Ẹ jẹ́ ká wò ó." Wọ́n bá wá a lọ sísàlẹ̀, wọ́n rí i níbi tó sùn sí, ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí i. Ọ̀gá wo àkọlé ẹ̀, ó wo ojú ọ̀rẹ́ mi, ó ní, "Ìwọ náà wò ó. Aṣọ ẹbí ni mo rí o! Mo ní ìyá ta ló tún kú, èló ni wọ́n tún fẹ́ẹ́ gbà lọ́wọ́ mi. Mo ní bí mi ò bá ṣí i, wọn ò lè sọ pé mo rí i."

Ẹ má rẹ́rìn-ín jù o. Èmi náà kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín nígbà tí ọ̀rẹ́ mi ń sọ ọ́ fún mi, àfìgbà tí mo rántí pé èmi kan náà ni mo máa pe ẹ̀gbọ́n mi. Mo ṣàlàyé, ṣàlàyé. Ó dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já. Ó wá ní, "Àbúrò mi, ṣé ohun tó ò ń sọ fún mi ni pé aṣọ òkú ìyá wa ló gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ọmọ mi?" Ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò rí èsì fọ̀.

ILÉ LÀ Ń WÒ KÁ TÓ SỌMỌ LÓRÚKỌ

Látìgbà yẹn ni mo ti ń kíyè sí bí àwa èèyàn ṣe ń tàtaré lẹ́tà. Ẹ jẹ́ kí n bi yín léèrè. Bí ẹ bá fẹ́ẹ́ gbé àpò gàrí fún dírẹ́bà ní gáréèjì pé kó bá yín gbé e fún ẹnì kan n'Ílọrin, ṣé ẹ máa kọ "bàtà" sára ẹ̀? Ẹ ò jẹ́ ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó ni ín, ẹ máa kọ nọ́ńbà fóònù ẹ̀, ẹ tún máa sọ fún dírẹ́bà pé gàrí ni o, kó má gbé nǹkan lé e. Ṣùgbọ́n bó bá di ti íméèlì, ohun tí ẹlòmíràn kọ sára ẹrù lóṣù mẹ́fà sẹ́yìn náà la máa ń fi ránṣẹ́, a ò ní í wo ohun tó wà nínú ẹ̀ báyìí.

Àkọlé lẹ́tà kì í ṣe nǹkan tuntun o. Lọ́dún 1973, nígbà tí kọ̀ǹpútà tó ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láyé ò ju ìwọ̀nba lọ, àwọn tó ń ṣe ìlànà lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun mẹ́ta ló yẹ kó wà lórí lẹ́tà: orúkọ ẹni tó kọ ọ́, ọjọ́ tó kọ ọ́, àti ohun tí lẹ́tà dá lé lórí. Ìkẹta yẹn là ń pè ní àkọlé. Wọ́n ṣe é kí ẹni tó gbà á lè mọ ohun tó wà nínú ẹ̀ kó tó ṣí i. Ojú ni ọ̀rọ̀ wà, ojú lẹ́tà sì ni àkọlé.

"Re:" tí ẹ ń rí yẹn, èdè Látìn ló ti wá, ohun tó túmọ̀ sí ò ju "lórí ọ̀rọ̀ báyìí báyìí" lọ. Ìwé ìlànà íméèlì tó jáde lọ́dún 2008, èyí tí wọ́n ń pè ní RFC 5322, dárúkọ ẹ̀, ó ní ẹni tó ń fèsì lè fi síwájú àkọlé, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló yẹ kó jẹ́, kó má di pé wọ́n ń tò ó lé ara wọn bí àwo oúnjẹ. "Fwd:" ní tiẹ̀, ìwé ìlànà yẹn ò fi í ṣe dandan fún ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ ló fi síbẹ̀ kí èèyàn lè mọ̀ pé lẹ́tà tàtaré nìyí. Ìdí nìyẹn tí kálukú fi ń kọ tiẹ̀ bó ṣe wù ú. Gmail á kọ "Fwd:", Outlook á kọ "FW:". Bí ará yín bá wà ní Jámánì tó sì ń lo Outlook lédè wọn, "WG:" lẹ máa rí. Ti ilẹ̀ Faransé á kọ "TR:", ti Brazil á kọ "ENC:". Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn, wọ́n kàn ń sọ pé ẹnì kan ló kọ ọ́, ẹlòmíràn ló fi ránṣẹ́ ni.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú níbẹ̀ ni pé kò sí òfin kankan tó ní kẹ́ ẹ fi àkọlé yẹn sílẹ̀ bí ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́. Ẹ̀rọ kàn ń bá yín ṣe é kó lè yá ni. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ. Iṣẹ́ ẹrú ni ẹ̀rọ rán ọ̀rẹ́ mi, ó sì jẹ́ ẹ bíi ti ẹrú. Ká ló fi tọmọ jẹ́ ẹ ni, ìbá ti pa "Fwd: Re: Aso ebi for Mama" rẹ́, ìbá ti kọ ọ́ báyìí pé, "CV akáúńtàǹtì, HND, fún ti Jímọ̀". Ọ̀rọ̀ díẹ̀ péré. Kò ní í gbà á tó àkókò tí kọ́ńdọ́ fi ń wá ṣéńjì.

Ẹ tún wo ti fóònù. Ojú fóònù kéré, ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ ló lè gbà nínú àkọlé kó tó gé e. Bí "Fwd: Fwd: Re: Fwd:" bá ti gba iwájú, ohun tí ẹ fẹ́ẹ́ sọ gan-an ti há sẹ́yìn, kò ní í hàn rárá. Ẹ ti fi ọ̀nà ẹnu yín dí i fúnra yín.

BÍ Ẹ ṢE MÁA ṢE É

Àwọn kan á ní, "Ẹ̀gbọ́n, a ti gbọ́, ṣùgbọ́n a ò rí ibi tí wọ́n ti ń yí i." Ó dáa, ẹ súnmọ́ mi.

Bó bá jẹ́ Gmail lẹ̀ ń lò lórí kọ̀ǹpútà, ẹ tẹ ibi tí wọ́n ti ń tàtaré lẹ́tà. Ẹ ò ní í rí àkọlé níbẹ̀, ibẹ̀ ló sì ti ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tẹ́ ẹ máa kọ orúkọ ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ẹ́ fi ránṣẹ́ sí, ọfà kékeré kan wà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ máa rí i tí wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé "Edit subject". Ẹ tẹ ìyẹn náà, àkọlé á yọjú, ẹ yí i bó ṣe wù yín. Lórí fóònù, kò sí wàhálà ọfà, ẹ kàn fọwọ́ kan àkọlé yẹn fúnra ẹ̀, ẹ pa á rẹ́, ẹ kọ tuntun.

Ti Outlook náà ò le. Bẹ́ ẹ bá ti tẹ ibi ìtàtaré, àkọlé wà lókè gbọnrangandan, ẹ lọọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tún un kọ. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń lo Outlook elédè òkè òkun, tí "WG:" yín ń dààmú àwọn ará ilé, ibì kan wà nínú ètò ẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà tẹ́ ẹ ti lè ní kó máa fi Gẹ̀ẹ́sì kọ orí lẹ́tà tẹ́ ẹ bá fèsì sí tàbí tẹ́ ẹ tàtaré.

Ẹni tó bá ń lo Thunderbird ló gbádùn jù lọ. Ìyẹn lè yí "Fwd" fúnra ẹ̀ padà títí ayé. Ẹ lọ sínú Settings, ẹ wá a lọ sísàlẹ̀ títí dé ibi tí wọ́n kọ Config Editor sí, ẹ kọ mail.forward_subject_prefix síbẹ̀, ẹ máa rí "Fwd" tó jókòó sí i. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi ohun tó bá wù yín rọ́pò ẹ̀. Bó bá wù yín, ẹ kọ "Mo tàtaré" síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mú yín. Ṣùgbọ́n ẹ má fọwọ́ kan nǹkan mìíràn nínú ilé yẹn o, ibẹ̀ ni iṣan ẹ̀rọ náà wà.

Bẹ́ ẹ bá ti wá débi àkọlé, kí lẹ máa kọ? Ohun méjì ni. Àkọ́kọ́, kí ni nǹkan yìí? Ìkejì, kí lẹ fẹ́ kí ẹni tó gbà á ṣe sí i? "Ìwé owó iná, ẹ bá mi san án kó tó di Ọjọ́rú." Ẹni tó bá rí ìyẹn ò ní í ní òun ò mọ̀. Ẹ fi wé "Fwd: Fwd: Hello". Ta ni Hello? Kí ló fẹ́?

IBI TÍ Ó TI YẸ KÁ ṢỌ́RA

Mi ò ní kẹ́ ẹ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí gbogbo àkọlé tẹ́ ẹ bá rí o. Gbogbo nǹkan ló ní ààlà.

Bẹ́ ẹ bá pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ kan, tẹ́ ẹ̀ ń kọ ọ́ lọ, kọ ọ́ bọ̀, tẹ́nì kan bá kàn yí àkọlé lójijì, Gmail máa rò pé ọ̀rọ̀ tuntun ni, á gbé e kúrò lára àwọn tó kù. Ẹni tó ń wá ìdáhùn lábẹ́ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ò ní í rí i. Ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá yí padà, tàbí tẹ́ni tuntun tí kò mọ ìdí ọ̀rọ̀ bá fẹ́ẹ́ gbà á, ló yẹ kẹ́ ẹ yí i.

Bó bá jẹ́ lẹ́tà tó lè di ẹ̀rí lọ́la, bí ọ̀rọ̀ ilẹ̀, ọ̀rọ̀ báǹkì, tàbí ìwé tí wọ́n fi lé èèyàn lẹ́nu iṣẹ́, ẹ má pa àkọlé àtijọ́ rẹ́. Ẹ kọ tiyín síwájú, kẹ́ ẹ fi ti tẹ́lẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀, kí ẹni tó bá máa wá a lè rí i. Ẹ sì tọ́jú lẹ́tà tẹ́ ẹ gbà gan-an, ẹ má fọwọ́ kàn án.

Ẹ má fi àkọlé tan èèyàn jẹ. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé "Urgent" ni wọ́n ń kọ sórí gbogbo lẹ́tà, tó fi jẹ́ pé lọ́jọ́ tílé bá ń jó lóòótọ́, kò ní í sẹ́ni tó máa dìde. Àwọn oníjìbìtì náà mọ iṣẹ́ yìí dáadáa. Wọ́n á kọ "Re:" síwájú lẹ́tà tí ẹ ò kọ rí láyé yín, kẹ́ ẹ lè rò pé ẹ ti jọ ń bọ́rọ̀ bọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí "Re:" lórí ọ̀rọ̀ tẹ́ ẹ ò dá sílẹ̀, ẹ má tẹ nǹkan kan níbẹ̀.

Èyí tó kẹ́yìn, ẹ rántí pé àkọlé kì í fara pa mọ́. Bí fóònù bá wà lórí tábìlì, tí wọ́n tì í pa, àkọlé lè yọ sójú ẹ̀ kí gbogbo ọ́fíìsì kà á. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ tàtaré èsì àyẹ̀wò ilé ìwòsàn sí ọkọ ẹ̀, kó má jẹ́ kí orúkọ àìsàn wà lórí lẹ́tà. "Ohun tá a sọ láàárọ̀" ti tó. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ lẹ́tà pẹ̀lú. Obìnrin ọlọ́jà kan tí mo mọ̀ tàtaré àwòrán ìkòkò tuntun sí oníbàárà ẹ̀. Ó yí àkọlé dáadáa, ṣùgbọ́n ó gbàgbé pé iye tó ra ìkòkò lọ́wọ́ ẹni tó ń kó o wá látòkè òkun wà nísàlẹ̀ níbẹ̀. Oníbàárà kà á, ó pè é, ó ní, "Ìyá wa, èmi náà máa ra tèmi níye tẹ́ ẹ rà á." Ọjọ́ yẹn, mọ̀mọ́ ò jèrè kọ́bọ̀.

ỌMỌ YẸN ŃKỌ́?

Mo mọ̀ pé ẹ máa béèrè. Ipò yẹn ti lọ, kò sí bá a ṣe fẹ́ẹ́ lé àwọn tí wọ́n ti gbà sẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀gá yẹn bẹ̀bẹ̀, ọ̀rẹ́ mi bẹ̀bẹ̀, èmi náà bẹ ẹ̀gbọ́n mi títí. Ọmọ ti ríṣẹ́ kékeré kan n'Ìbàdàn báyìí, owó ẹ̀ ò tó ti Ìkẹjà, ṣùgbọ́n ó ń jí lọ síbi iṣẹ́ láàárọ̀. Bó bá kọ íméèlì sí mi, àkọlé ẹ̀ máa ń gùn ju lẹ́tà lọ. Èyí tó fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá kà báyìí: "Bọ̀ọ̀dá, èmi ni o, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ ẹbí, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ṣí i."

Mo ṣí i kíá.

Ẹ̀yin náà, kẹ́ ẹ tó tẹ ibi ìtàtaré lónìí, ẹ wo òkè ná. Ọ̀rọ̀ mélòó kan tẹ́ ẹ máa fọwọ́ kọ síbẹ̀ ò ní í mú yín lọ́wọ́ tó ìṣẹ́jú kan, ó sì lè jẹ́ oúnjẹ ọdún gbáko fún ọmọ ọlọ́mọ. Ó dọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o.